Awọnlẹ̀ Tó Wọn Ẹ̀jẹ̀ Ajá

Ẹ fún ara yín láyè, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ẹni tí ikọ́ bá ń ṣe, kí ó wú u tán nísinsìnyí. Ẹni tí ó bá ní ọmọ lẹ́yìn, kí ó fún un lọ́mú kí n tó la ẹnu. Èmi Ọdẹ́ṣínà ni mò ń bá yín sọ̀rọ̀, èmi tí ẹfọ̀n rí nínú igbó, tí ó kọ́kọ́ kí mi kí ó tó sá. Ẹ ń rẹ́rìn-ín? Ẹ rín in dáadáa. Bí a bá rìn síwájú díẹ̀, ẹ kò ní rí ẹ̀rín rín mọ́.

Ìtàn yìí kì í ṣe tèmi. Bí ó bá jẹ́ tèmi ni, akọni inú rẹ̀ ì bá ga jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìtàn Mórákinyọ̀ ni, awọnlẹ̀ ìlú Ìlámùjà. Òun ló fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún mi. Mo ti yọ ìgbéraga tirẹ̀ kúrò nínú rẹ̀, mo sì fi tèmi díẹ̀ sí i kí ọbẹ̀ má baà tẹ́.

Mórákinyọ̀ ní ẹ̀rọ kan tí ó ní ẹsẹ̀ mẹ́ta àti ojú kan ṣoṣo. Olójúkan ló ń pè é. Bí ó bá ti gbé e nàró, ẹlòmíràn yóò lọ di ọ̀pá funfun-òun-pupa mú ní ọ̀kánkán, Mórákinyọ̀ yóò fi ojú kan bẹ ọ̀pá náà wò nínú ẹ̀rọ, ẹ̀rọ yóò sì sọ bí ó ti jìnnà tó láìfi ìbú èékánná kan ṣì í. Bí ọkọ̀ bá kọlu ọkọ̀, òun ni àwọn ọlọ́pàá ń ránṣẹ́ pè. Yóò wọn ibi tí táyà ti fà, ibi tí dígí fọ́ sí, ibi tí òkú sùn sí. Yóò ya gbogbo rẹ̀ sínú ìwé, ìwé náà ni wọn yóò sì fi mọ ẹni tó jẹ̀bi.

Iṣẹ́ rere ni. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ rere a máa gun olówó rẹ̀ lórí bí ẹmu. Akoto funfun ni Mórákinyọ̀ ń dé, kakí rẹ̀ mu sítáàṣì tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ń dún bí pákó nígbà tó bá jókòó. Ní ọjọ́ ìsìnkú bàbá rẹ̀, òun tìkára rẹ̀ ló sọ̀kalẹ̀ sínú sàréè pẹ̀lú téèpù, ó ní ó fi ààbọ̀ ìka kúrú. Gbogbo aṣọ̀fọ̀ dúró nínú oòrùn títí wọ́n fi gbẹ́ ààbọ̀ ìka náà. Òkú ì bá lè sọ̀rọ̀, ì bá ní ó tó. "Ènìyàn lè purọ́," bẹ́ẹ̀ ni Mórákinyọ̀ máa ń wí, "ìwọ̀n kì í purọ́." Wọ́n sì sọ ọ́ ní Kò-ṣìwọ̀n. Ó gbà á bí ẹni gba oyè.

Ní ọjọ́ ọjà kan, ní kọ́nà Elépo, lọ́rì agbégi kan kọlu bọ́ọ̀sì Làmídì. Ẹ̀yin tó bá mọ Làmídì mọ̀ pé ọmọ jẹ́jẹ́ ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnu rẹ̀ mú. Ó kú. Àwọn mẹ́jọ tí ó gbé kú pẹ̀lú rẹ̀. Awakọ̀ lọ́rì nìkan ló rìn jáde, ó ní bọ́ọ̀sì ló ya wá bá òun.

Ikú irin, ti Ògún ni. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Kí a tó gbé òkú, àwa ọdẹ mú ajá lọ bọ Ògún níbẹ̀. Apá ọ̀tún ọ̀nà, níbi tí Làmídì ń bá bọ̀, ni ọkọ̀ méjèèjì wó sí, ṣùgbọ́n epo ọkọ̀ ti ṣàn sí gbogbo ibẹ̀, ẹsẹ̀ wa ń yọ̀. A bá kọjá sí apá òsì, ibẹ̀ ni mo ti bẹ́ ajá. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo gbé idà sókè! Ajá náà kò mọ̀ pé òun ti kú títí ó fi fẹ́ gbó. Lẹ́yìn èyí, wọ́n gbé òkú, wọ́n wọ́ ọkọ̀ kúrò, wọ́n gbá dígí, wọ́n sì da iyẹ̀pẹ̀ bo ẹ̀jẹ̀ ènìyàn tó ti pò mọ́ epo. Ẹ̀jẹ̀ ajá ló kù lójú títì, ó gbẹ, ó dúdú, ó hàn gbangba, ní apá òsì.

Ọjọ́ kẹta ni Mórákinyọ̀ tó dé. Nǹkan ti ha akoto rẹ̀ lára, ó sì kun ún ní ọ̀dà funfun, ó ń dúró kí ó gbẹ kí ó tó jáde nílé. Ó wo ilẹ̀ sọ́tùn-ún, ó wò ó sósì.

"Ibí nìyí," ó ní. "Ibi tí ẹ̀jẹ̀ bá wà ni ọkọ̀ ti pàdé."

Mo ní, "Awọnlẹ̀, ẹ̀jẹ̀ yẹn..."

"Bàbá Ọdẹ, ẹ jọ̀ọ́. Ṣé èmi ń kọ́ yín bí a ti ń yìnbọn?" Ó wo èrò tó pé jọ, ó wá gbé ọ̀pá funfun-òun-pupa lé mi lọ́wọ́. "Ẹ bá mi dúró síbẹ̀. Ẹ nàró bí ọkùnrin."

Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo nàró bí ọkùnrin. Gbogbo ìlú ń wò mí. Àwọn ìyàwó mi ń wò mí. Mo yọ àyà síta, mo di ọ̀pá mú ṣinṣin lórí ẹ̀jẹ̀ ajá tí èmi fúnra mi bẹ́, n kò sì sọ̀rọ̀ mọ́. Ẹni tí wọ́n bá fi oyin sí lẹ́nu kì í tètè tutọ́.

Ìwé jáde. Ìwé ní apá òsì ni ọkọ̀ ti pàdé, ìyẹn ni pé Làmídì ló kúrò ní ọ̀nà tirẹ̀ lọ bá lọ́rì. Àwọn ará ilé òkú mẹ́jọ gbọ́, ìbínú wọn sì dà sí ibì kan ṣoṣo: ilé Sàbítíyù, opó Làmídì. Wọ́n sọ òkò sórí páànù rẹ̀. Bí ó bá dé ìdí ẹ̀rọ omi, àwọn obìnrin á gbé garawa wọn kúrò. Ní ọjọ́ kẹjọ, ó tẹ́ ẹní fún àdúrà, ó se oúnjẹ. Ààfáà dé, ó wo ẹní tó ṣófo, ó ṣe àdúrà náà ní kíákíá bí ẹni tí òjò ń lé. Kò sí ẹni tó ṣe àmín bí kò ṣe Sàbítíyù.

Láti ọjọ́ náà ni nǹkan ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe Mórákinyọ̀. Ó lọ wọn ilẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ kan, ó bẹ ojú ẹ̀rọ wò, dípò ẹni tó di ọ̀pá mú, Làmídì ló rí. Ó gbójú sókè, kò rí i. Ó tún bẹ̀ ẹ́ wò, Làmídì nàró gbọnin, orí rẹ̀ fọ́ bí ó ti fọ́ lọ́jọ́ náà. "Ọ̀gá," ni òkú náà wí, "ibi tí mo wà kọ́ nìyẹn." Ó lọ wọn oko kòkó, Làmídì. Ó lọ wọn ilé ìjọba, Làmídì. Ó jókòó sílé ní ọ̀sẹ̀ méjì, sítáàṣì kakí rẹ̀ rọ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan ó wá bá mi lábẹ́ igi ọsàn mi.

"Bàbá, ẹ̀jẹ̀ ta ni mo wọ̀n?"

"Ẹ̀jẹ̀ ajá ni," mo dá a lóhùn.

Ó ní, "Ẹ mọ̀?"

"Mo mọ̀."

"Ẹ sì di ọ̀pá mú?"

"Ìwọ lo gbé e fún mi."

A wo ara wa, bí olè méjì tí ó pàdé nínú iyàrá kan náà. Kò bú mi. Ó dìde, ó gba ọ̀dọ̀ ọ̀gá ọlọ́pàá lọ, ó ní òun fẹ́ tún ìwé náà yà. Ọ̀gá ọlọ́pàá ní, "Òjò ti fọ kọ́nà náà. Wọ́n sì ti da ọ̀dà tuntun sí i. Kí ni o fẹ́ wọ̀n? Mú ìwọ̀n wá fún mi, má mú àlá wá."

Ibi tí mo ti wúlò nìyí, ẹ dákẹ́ kí ẹ gbọ́. Ìlú kan wà tí bàbá mi fi ọ̀nà rẹ̀ hàn mí, Ìlú Àìparẹ́ lorúkọ rẹ̀. Òjò kì í fọ nǹkan níbẹ̀, ọwọ́ kì í gbá nǹkan dànù. Gbogbo ìjàǹbá ojú ọ̀nà tó ti ṣẹlẹ̀ rí ló dúró síbẹ̀ bó ti rí ní ìṣẹ́jú tó ṣẹlẹ̀. Mo mú Mórákinyọ̀ dé etí igbó náà. Mo ní kí ó máa lọ, pé èèwọ̀ ni fún ẹni tó ti bẹ́ ajá fún Ògún láti wọ ibẹ̀. Òótọ́ ni pé èèwọ̀ ni. Òótọ́ ni pẹ̀lú pé ẹ̀rù bà mí. Ó gbé Olójúkan lé èjìká kan, ó gbé ọ̀pá lé ìkejì, igbó sì gbé e mì.

Kò rìn jìnnà kí ó tó bá oníbodè. Awọ táyà ló fi ṣe ara, iná ọkọ̀ méjì ló fi ṣe ojú, ọ̀kan ti fọ́. Bó bá mí, dígí á máa wó nínú ikùn rẹ̀.

"Ta ni?"

"Èmi ni Mórákinyọ̀, awọnlẹ̀ Ìlámùjà, Kò-ṣìwọ̀n."

"Háà! Kò-ṣìwọ̀n! Ṣé ìwọ nìyẹn? Kò-ṣìwọ̀n, ọ̀nà wo ló gùn jù láyé?"

Inú Mórákinyọ̀ dùn, ó rò pé ìbéèrè ti bọ́ sọ́wọ́ òun. Ó ka ọ̀nà tó ti etí òkun lọ dé ilẹ̀ oníyanrìn, ó ka máìlì rẹ̀. Oníbodè rẹ́rìn-ín, dígí wó. Ó ka ọ̀nà ojú omi. Dígí wó. Ó ní ó lè jẹ́ ọ̀nà ayé sí ọ̀run. "Ìyẹn? Ìyẹn kúrú. O kò rí bí wọ́n ti ń yára dé?" Oòrùn ń pa Mórákinyọ̀, òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, kakí rẹ̀ ti di àkísà lára rẹ̀. Nígbà tó yá, ó fi akoto sílẹ̀.

"N kò mọ̀ ọ́n," ó wí.

"O ti ń bọ̀ lọ́nà rẹ̀. Máa bọ̀."

Ọ̀rọ̀ náà há a lọ́fun bí egungun ẹja. Ó gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó jáde. "Mo ṣìwọ̀n," ó ní.

Ibodè ṣí. "Láti ọ̀fun dé ètè," ni oníbodè wí, "ibẹ̀ ló gùn jù. Àwọn mìíràn rìn ín títí wọ́n fi kú. Wọlé. Ṣùgbọ́n gbọ́ òfin: ojú ni Olójúkan ń jẹ níbí. Ìwò àkọ́kọ́ yóò gba òkè tó jìnnà lọ́wọ́ rẹ. Ìkejì yóò gba igi. Ìkẹta yóò gba ojú ènìyàn."

"Ìkẹrin ńkọ́?"

"Ṣé èmi ni n ó máa kà á fún ọ ni, Kò-ṣìwọ̀n?"

Mórákinyọ̀ ṣe ìṣirò. Òkúta máìlì, ọ̀kan. Etí títì, méjì. Ibi tí táyà ti bẹ̀rẹ̀ sí í fà, mẹ́ta. Ibi tí ọkọ̀ ti pàdé, mẹ́rin. Kò sí ọgbọ́n tó lè dá tí yóò fi dín ní mẹ́rin. Ó wọlé.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ohun tó rí níbẹ̀ kì í ṣe ohun tí a ń fi ẹnu dídùn sọ. Kò sí afẹ́fẹ́. Dígí dúró lófuurufú bí omi òjò tí a dá dúró. Kẹ̀kẹ́ wà níbẹ̀, alùpùpù wà níbẹ̀, ọkọ̀ ìyàwó wà níbẹ̀ pẹ̀lú òdòdó lórí rẹ̀. Àwọn òkú jókòó lẹ́bàá ọkọ̀ wọn, oníkálukú níbi tí tirẹ̀ ti ṣẹlẹ̀. Bí wọ́n ti rí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta léjìká rẹ̀, wọ́n dìde.

"Awọnlẹ̀! Wọn tèmi!"

"Wọ́n ní mo mutí, ọ̀gá. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, mi ò mu ọtí rí!"

"Wọ́n ní èmi ni mo sáré. Ẹ wo táyà mi. Ẹ sáà wò ó!"

Wọ́n di apá rẹ̀ mú, ọwọ́ wọn tutù. Bàbá arúgbó kan tó gun kẹ̀kẹ́ dúró níwájú rẹ̀, kò dì í mú rárá. "Ọdún mọ́kànlélógójì ni mo ti wà níbí," ó wí. "Ìwò kan péré, ọmọ mi."

"Ojú mi kò tó, bàbá. Mẹ́rin péré ni, mo sì ti mọ ẹni tí mo jẹ ní gbèsè."

"Nígbà tí ojú rẹ tó ńkọ́?" ni arúgbó náà béèrè.

Mórákinyọ̀ kọjá lára rẹ̀. Ó ní nínú gbogbo ìrìn náà, ẹsẹ̀ mẹ́wàá tí òun fi kọjá lára arúgbó yẹn ló wúwo jù.

Ó dé kọ́nà Elépo. Lọ́rì wà níbẹ̀, bọ́ọ̀sì wà nínú ẹnu rẹ̀. Àwọn èrò mẹ́jọ jókòó sórí koríko, wọ́n kọ ẹ̀yìn sí awakọ̀ wọn, nítorí pé ìròyìn ìwé Mórákinyọ̀ ti dé ọ̀dọ̀ wọn. Ẹni tó kú lẹ́yìn wọn ló mú un wá. Làmídì nìkan jókòó sórí bọ́ńpà.

"Ẹ káàbọ̀, ọ̀gá," ó ní. "Ọ̀dà akoto yín ti gbẹ?"

Mórákinyọ̀ dọ̀bálẹ̀. Làmídì ní kí ó dìde, pé epo wà nílẹ̀, yóò ba kakí jẹ́.

Ó gbé Olójúkan nàró, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò di ọ̀pá mú. Apá Làmídì méjèèjì ti dá. Ó yíjú sí àwọn mẹ́jọ. Obìnrin kan wà láàárín wọn tí wọ́n ń pè ní Ìyá Alálùbọ́sà. Àpò àlùbọ́sà rẹ̀ ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

"Kí n di ọ̀pá fún ẹni tó pa mí?" ó ní, láìwẹ̀yìn. "Kò ṣẹlẹ̀!"

"Ìyá, ẹ̀ ń dì í fún ara yín ni," Làmídì fèsì. "Ṣé ẹ kò fẹ́ mọ ohun tó pa yín?"

"Wo ẹnu rẹ̀. Ẹnu yìí náà lo fi ń pariwo 'ó ku ẹnì kan, ó ku ẹnì kan' ní gáréèjì nígbà tí ó ku ènìyàn mẹ́ta."

"Ìyá, bí mo bá ní ó ku mẹ́ta, ṣé ẹ ó wọlé?"

Obìnrin náà pòṣé, ṣùgbọ́n ó dìde. Ó gba ọ̀pá, ó lọ dúró níbi òkúta máìlì. Mórákinyọ̀ bẹ Olójúkan wò, ó pe iye rẹ̀ sókè, ó kọ ọ́. Nígbà tó gbójú sókè, òkè kò sí mọ́. Ibi tí òkè wà ti di èéfín. Ìyá lọ sí etí títì. Ó wò ó, igi igbó lọ. Ìyá lọ sí ibi tí táyà Làmídì ti bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Ó wò ó. Nígbà tó yíjú sí Làmídì, ohùn Làmídì ló kù, ojú rẹ̀ ti di òṣùṣù òwú.

Ó ku ọ̀kan, ibi tí ọkọ̀ ti pàdé, Ìyá sì ti lọ dúró síbẹ̀. Mórákinyọ̀ gbé ọwọ́ ara rẹ̀ síwájú ojú, ó ka ìka márùn-ún. Ó wo ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìlà tín-ín-rín tín-ín-rín tó fi ogún ọdún kọ́.

"Ọ̀gá," ni ohùn Làmídì wí, "bí ẹ bá padà láti ibí, n kò ní bú yín. Ó ti mọ́ mi lára."

Bóyá bí ó bá bú u ni, ì bá padà. Ó tẹ orí ba, ó fi ojú sí ẹ̀rọ.

Ó sọ fún mi pé òun kò rí nǹkan kan tó mọ́ tó bẹ́ẹ̀ rí láyé òun. Ó rí ìdí ọ̀pá. Ó rí bàtà rọ́bà Ìyá Alálùbọ́sà, ọ̀kan já lókùn. Ó rí ibi tí irin lọ́rì ti ha títì funfun, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin gbáko sí inú apá ọ̀tún, apá Làmídì. Ó pe iye náà sókè, ayé sì ṣú.

Nínú òkùnkùn náà, ó gbọ́ Ìyá Alálùbọ́sà.

"Apá tiwa ni," ó ní. Ohùn rẹ̀ ti yàtọ̀. "Ẹ wá wò ó. Làmídì, apá tiwa lo wà."

"Mo ti ń sọ ọ́ fún yín, Ìyá."

"Ẹnu rẹ ni kò jẹ́ ká gbà ọ́ gbọ́. Sún síbẹ̀ kí n jókòó."

Mórákinyọ̀ gbọ́ ìró aṣọ àwọn mẹ́jọ tí wọ́n ń dìde, tí wọ́n ń yíjú padà, tí bọ́ńpà ń dún lábẹ́ wọn. Òórùn àlùbọ́sà kún ibẹ̀.

Èmi ni mo rí i bí ó ti ń tá ràrà jáde láti inú igbó. Èmi tí mo ti bá ẹkùn wojú-wojú tí ẹkùn sì mójú kúrò, mo wo ojú Mórákinyọ̀, n kò lè wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Mo mú orí ọ̀pá kan, ó mú ìkejì, mo fà á délé. Tíṣà kan ní Ìlámùjà ya ìwé náà bí ó ti ń pè é fún un, Mórákinyọ̀ sì fọwọ́ sí i; ìfọwọ́sí náà wọ́ lọ sí igun ìwé bí ìgbín.

Ọ̀gá ọlọ́pàá wò ó títí. "Níbo lo ti wọn èyí?"

"Ní Ìlú Àìparẹ́."

"Ẹ gbà á lọ́wọ́ mi," ni ọ̀gá náà wí. "A ti lu sítáǹpù sí ìwé àkọ́kọ́."

Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ẹ má retí pé kí n sọ ohun tó dùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìwé irọ́ ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀ ọ̀gá ọlọ́pàá di òní. Mórákinyọ̀ gba gáréèjì lọ lọ́sàn-án gangan, ó dúró láàárín àwọn awakọ̀, ó ní, "Mo ṣìwọ̀n. Ẹ̀jẹ̀ ajá ni mo wọ̀n. Làmídì kò kúrò ní apá tirẹ̀." Mo dúró tì í. Mo ní èmi ni mo bẹ́ ajá, èmi ni mo sì di ọ̀pá mú. Ẹnì kan tutọ́. Ẹnì kan ní kí awọnlẹ̀ dá ọkọ Sàbítíyù padà fún un. Àwọn tó kù wo ojú rẹ̀ tó ti kú, wọ́n rántí òkò tí wọ́n sọ, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wo ẹsẹ̀ ara wọn.

A dé ọ̀dọ̀ Sàbítíyù. Ó ń ṣa ẹ̀wà lójúde, kò dìde. Mórákinyọ̀ dọ̀bálẹ̀ sí ibi tí ó rò pé obìnrin náà wà. Ìgànná ló dọ̀bálẹ̀ fún. Mo yí i padà. Ó sọ gbogbo rẹ̀, láti orí ajá dé orí òórùn àlùbọ́sà. Obìnrin náà ń ṣa ẹ̀wà rẹ̀ lọ. Nígbà tí ọ̀rọ̀ parí, ó nu ọwọ́, ó gba ìwé, ó tẹ́ ẹ sórí itan.

"Èmi ò mọ̀wé," ó ní. "Níbo ni Làmídì wà nínú rẹ̀?"

Mórákinyọ̀ na ìka, ó ń wá a kiri lórí ìwé tí òun fúnra rẹ̀ pè, ó lọ gúnlẹ̀ sínú igbó. Mo di ìka náà mú, mo gbé e sí ibi tó tọ́. Sàbítíyù gbé ìka wa kúrò, ó fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bo ibẹ̀.

"Ṣé wọ́n ti yíjú sí i?"

"Gbogbo wọn," ni Mórákinyọ̀ dáhùn. "Wọ́n jókòó tì í."

Ó sunkún nígbà náà, ẹkún tí kò lariwo. Nígbà tó tán, ó gbójú sókè, ó rí àwọn awakọ̀ tí wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà, tí wọ́n ti bọ́ fìlà, tí kò sí ẹni tó fẹ́ kọ́kọ́ wọlé. Ó wọ iyàrá lọ, ó gbé ẹní jáde, ó tẹ́ ẹ.

"Ẹ ránṣẹ́ sí Ààfáà," ó wí fún wọn. Ó wá yíjú sí Mórákinyọ̀. "N kò tíì dárí jì yín o. Bóyá n kò ní dárí jì yín. Ẹ jókòó, kí ẹ ṣe àmín."

Ó jókòó. Èmi náà jókòó, kò sì sí ẹni tó ní kí n jókòó. Ọ̀rọ̀ mi ti tán lẹ́nu. Kí olúwarẹ̀ mú èyí tó bá lè gbé.